Ọjọ́ Tí Ẹnjiníà Kó Ẹrù Wálé

Ọmọ tó bá wá kí òbí rẹ̀ láàárín sáà ẹ̀kọ́ kì í gbé ìrọ̀rí wálé. Ohun tí aránṣọ kọ́kọ́ rò nìyẹn nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tó sì rí ẹrù tí ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé kalẹ̀ sẹ́yìn ìlẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́ àná. Kì í ṣe ìrọ̀rí nìkan. Tìmùtìmù tó ń sùn lé wà níbẹ̀, ó ká a, ó fi okùn dì í. Garawa ìwẹ̀ jókòó lé e lórí, bàtà sì kún inú garawa. Ẹrù ẹni tó ń bọ̀ tí kò ní padà mọ́ ni.

Ọmọ náà ní ó rẹ òun lánàá, ó wọlé lọ sùn láìjẹun. Ṣùgbọ́n kí àkùkọ tó kọ láàárọ̀ yìí ló ti dìde. Ó ti gbálẹ̀, ó ti pọnmi, ó ti fọ gbogbo abọ́ inú ilé, títí kan èyí tó mọ́. Nígbà tí ìyá rẹ̀ yóò fi jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ rẹ̀ wà, ó ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń ṣa àwọn àgékù aṣọ sínú àpò, pupa lọ́tọ̀, funfun lọ́tọ̀.

"Ẹ kú àárọ̀, Màámi."

"Kú iṣẹ́, ọmọ mi. Ta ló bẹ̀ ọ́ ní àgékù aṣọ?"

"Mo fẹ́ máa ràn yín lọ́wọ́ ni. Mo lè máa rán bọ́tìnì. Mo lè máa bá yín lọ aṣọ."

"Títí di ìgbà wo?"

Ọmọ náà na ọwọ́ sílẹ̀. Ó mú àgékù kan tí kò pupa tí kò sì funfun, ó ń yí i síwá sẹ́yìn, kò mọ àpò tí òun yóò jù ú sí. Aránṣọ wò ó títí, ó sì gbé ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu rẹ̀ mì. Ó lọ gbé ẹ̀wà kaná. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Bí ọmọ náà bá jẹun tán, yóò sọ̀rọ̀.

Ó ti pẹ́ tí àwọn ará àdúgbò ti gbàgbé orúkọ tí wọ́n sọ ọmọ yìí. Láti ọjọ́ tó ti wọ yunifásítì láti lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà iná mànàmáná ni gbogbo wọn ti ń pè é ní Ẹnjiníà. Bàbá rẹ̀ di Bàbá Ẹnjiníà, aránṣọ di Ìyá Ẹnjiníà. Kódà ajá ilé wọn, bó bá jí ẹran onílé kan jẹ, ajá Ẹnjiníà ni wọ́n máa ń sọ pé ó jẹ ẹ́, wọn a sì dárí jì í díẹ̀.

Ẹ̀wà ti jiná, búrẹ́dì sì ti wà lórí tábìlì, nígbà tí bàbá dé láti oko. Àgbẹ̀ ni, òun tún ni alága ẹgbẹ́ òbí ní ilé ẹ̀kọ́ girama tó wà lápá òkè àdúgbò wọn. Ìpàdé ló ti pẹ́ sí lánàá, kò sì mọ̀ pé ọmọ wà nílé. Bó ṣe rí i, ẹnu rẹ̀ là gbàgà.

"Ẹnjiníà! Ìwọ ni mo rí yìí? Wọ́n ti fún yín nísinmi ni?"

"Ẹ káàárọ̀, Bàámi." Ọmọ náà kúnlẹ̀, kò sì dìde. "Mi ò padà síbẹ̀ mọ́."

Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá, jókòó sí ìkángun tábìlì, ó ń rún búrẹ́dì sínú ẹ̀wà rẹ̀. Etí ìyá àgbà yìí máa ń di pa bí wọ́n bá ń rán an níṣẹ́, ó sì máa ń là kedere bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ àṣírí. Lọ́tẹ̀ yìí, ó dẹ́kun rírún búrẹ́dì.

"Níbo ni o ò padà sí?" ni bàbá bi í, bí ẹni pé oríṣiríṣi ibẹ̀ ló wà.

Ọ̀rọ̀ wá ń jáde lẹ́nu ọmọ náà ní ẹyọ ẹyọ. Wọ́n ń wọn iná nínú lábù, ìyẹn yàrá tí wọ́n ti ń fọwọ́ ṣe ohun tí wọ́n kà nínú ìwé. Wọ́n fún oníkálukú ní mítà, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń mọ bí iná ṣe pọ̀ tó. Òun fi tòun sí ibi tí kò yẹ. Ó dún pá, ojú rẹ̀ kú, òórùn jíjó sì jáde. Olùkọ́ gbé mítà náà sókè kí gbogbo kíláàsì lè rí i. Ó ní, "Inú igbó wo ni wọ́n ti mú eléyìí wá?"

"Kí ni àwọn yòókù sọ?" ìyá bi í.

"Wọ́n rẹ́rìn-ín, Màámi. Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ń kọjá, wọ́n á ní 'pá.' Ọ̀la ni ìdánwò àfọwọ́ṣe. Ẹnìkọ̀ọ̀kan máa dá dúró níwájú mítà tiẹ̀. Ẹni tí kò bá yege, ó máa tún ọdún náà ṣe ni. Mi ò lè dúró níwájú ẹ̀rọ yẹn kí n tún gbọ́ ẹ̀rín yẹn."

"Nítorí ẹ̀rín!" Bàbá gbá tábìlì, ṣíbí fò. "Ẹ̀rín ni yóò lé ọmọ mi kúrò nílé ìwé! Ò bá ti kàwé dáadáa, ṣé wàá jó nǹkan oníǹkan?"

"Mo kà á, Bàámi. Mo mọ̀ ọ́n nínú ìwé. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e fún mi ni mo kọ́kọ́ rí i. Àwọn tó ń rẹ́rìn-ín yẹn ti ń fi ṣeré láti ilé ẹ̀kọ́ girama wọn."

"Ṣé ilé ẹ̀kọ́ tiwa ò ní lábù ni? Ojú mi ni wọ́n ṣe kọ́ ọ! Èmi alága ni mo dúró ti àwọn tó kùn ún lọ́dà! Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ìlẹ̀kùn, YÀRÁ SÁYẸ́ǸSÌ!"

Ọmọ náà gbé ojú sókè wo bàbá rẹ̀. Kò ké, kò sì yájú.

"Bàámi," ó ní, "kí ló wà nínú rẹ̀?"

Eṣinṣin kan bà lé búrẹ́dì, kò sẹ́ni tó lé e. Aránṣọ wo ọkọ rẹ̀, ó sì yára wo ẹ̀wà. Bàbá Ẹnjiníà bẹ̀rẹ̀, ó ń wá ṣíbí tó fò lábẹ́ tábìlì.

"Kí ló wà nínú rẹ̀?" ni ìyá àgbà náà bi wọ́n, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

Bàbá dìde, ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde. Ẹ̀wà tó kù nínú abọ́ rẹ̀ pọ̀ ju èyí tó jẹ lọ.

*

Rédíò ló kọ́kọ́ yà wọ́n. Obìnrin tó ń ta búrẹ́dì àti bátìrì àti epo àtùpà ní ìdojúkọ ilé wọn ni. Ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Rédíò ni pé bó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ láàárọ̀, gbogbo ìlú ti gbọ́ ọ kó tó di ọ̀sán, bí kò tilẹ̀ sí bátìrì.

"Mo gbọ́ pé Ẹnjiníà wà nílé," ó ní, ó ti fìdí lélẹ̀ kí wọ́n tó ní kó jókòó. "Ṣé wọ́n fún wọn nísinmi ni?"

"Òun nìkan ni wọ́n fún," ni aránṣọ dá a lóhùn. Ó kó píìnì sẹ́nu, ó ń fi wọ́n de etí aṣọ.

"Hẹ̀n-ẹ́n. Ó ti yé mi." Rédíò mi orí. "Bí ọmọ káfíńtà náà ṣe ṣe nìyẹn. Ìṣirò ẹ̀ dà bí omi nígbà tó wà níbí. Ó dé ọ̀hún, ó padà wálé, ó ń ta epo mọ́tò báyìí. Èyí tó tẹ̀ lé e, ọmọ ìyá alátẹ, kò pé ọdún kan níbẹ̀. Ibẹ̀ kì í ṣe fún irú àwọn ọmọ wa, Ìyá Ẹnjiníà. Jẹ́ kó bá ọ ránṣọ. Aṣọ ò pa ẹnikẹ́ni rí."

Píìnì tó wà lẹ́nu aránṣọ kò jẹ́ kó fèsì, inú rẹ̀ sì dùn pé wọ́n wà níbẹ̀. Ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ kíkankíkan. Ọmọ káfíńtà. Ọmọ ìyá alátẹ. Ìgbà tí wọ́n padà wálé, ọmọ ni gbogbo ènìyàn bi léèrè pé kí ló ṣe. Kò sẹ́ni tó bi ilé ẹ̀kọ́ léèrè, kò sẹ́ni tó bi àgbà léèrè. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà náà ló sì rán ọmọ wọn jáde ní ìhòòhò, tí wọ́n wá ń bínú sí i pé òtútù mú un. Òwú já nínú ẹ̀rọ. Ó tu píìnì sọ́wọ́.

"Rédíò, jọ̀wọ́, búrẹ́dì mélòó lo fẹ́ tà fún wa?"

"Èmi ò tiẹ̀ bá ti búrẹ́dì wá."

"Mo mọ̀," ni aránṣọ wí.

*

Oòrùn ti mú nígbà tí alùpùpù kan dúró níwájú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Obìnrin kan ló gùn ún wá. Ṣòkòtò ló wọ̀, eruku sì ti bò ó láti bàtà dé ìpéǹpéjú. Ó gbé àpò ńlá kan kọ́ ẹ̀yìn. Oníbàárà ni, aránṣọ ti mọ̀, nítorí etí ẹsẹ̀ ṣòkòtò náà ti tú. Kó tó sọ̀kalẹ̀ tán, aránṣọ ti fa okùn ìwọ̀n kúrò lọ́rùn ara rẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀nà, ẹ kú oòrùn. Ẹ na apá yín."

Obìnrin náà na apá.

"Ẹ yí ẹ̀yìn. Gáùn ni àbí ṣòkòtò mìíràn? Ìdí yín gba ṣòkòtò, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín."

"Ẹ ṣé o," ni obìnrin náà wí, ẹ̀rín ti fẹ́ pa á. "Ó wù mí kí n rán ọ̀kan, ṣùgbọ́n ọmọ yín ni mo wá rí. Olùkọ́ ni mí ní yunifásítì wọn. Dókítà ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀."

Okùn ìwọ̀n bọ́ lọ́wọ́ aránṣọ. Kó tó rí ohun tó máa sọ, ohùn ìyá àgbà ti jáde láti inú ilé.

"Dókítà? Ọlọ́run mi ò sùn! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa bọ̀ níbí, orúnkún mi rèé!" Ó ti ká ìró sókè.

"Màámi, dókítà ìwé ni mí. N ò mọ nǹkan kan nípa orúnkún."

"Wọ́n á tún ṣe dókítà tí ò mọ orúnkún," ni ìyá àgbà wí, ó fi ìró bo ẹsẹ̀ rẹ̀ padà pẹ̀lú ìbànújẹ́.

Ẹ̀yìnkùlé ni Ẹnjiníà wà nígbà tó gbọ́ ohùn náà. Ó mọ̀ ọ́n. Obìnrin náà kọ́ wọn ní ìṣirò ní ọdún àkọ́kọ́. Ó jáde wá pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, ó kúnlẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó ti ń sùn tó ń jí pẹ̀lú rẹ̀.

"Mà, mo máa wá ọ̀nà san owó mítà yẹn. Ẹ má bínú."

"Owó mítà wo?" Dókítà wò ó. "Wọ́n ò sọ fún ẹ? Dìde. Ọ̀rẹ́ rẹ tí ẹ jọ ń gbé yàrá ló sọ fún mi pé o ti kó ẹrù lọ. Mo bá olùkọ́ lábù yẹn sọ̀rọ̀. Ohun tí mo sọ fún un kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sọ níwájú ìyá àgbà."

"Sọ ọ́," ni ìyá àgbà wí. "Mo dití."

Dókítà tú àpò rẹ̀, ó gbé mítà kan sórí tábìlì ìgéṣọ, ó mú gílóòbù kékeré kan àti wáyà, ó sì yọ ìjókòó alùpùpù rẹ̀ kí bátìrì lè hàn síta. Rédíò ti sáré sọdá. Bí Rédíò bá sì sọdá, ìlú ló sọdá. Àwọn ọmọdé gun ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Káfíńtà wá ti òun ti ayùn rẹ̀.

"Gbogbo yín, ẹ wò mí," ni Dókítà wí. Ó yí bọ́tìnì mítà náà sápá kan, ó sì fi wáyà méjèèjì kan orí bátìrì tààrà.

Ẹnjiníà ké, "Mà, kì í ṣe bẹ́ẹ̀!"

Pá!

Àwọn ọmọdé bọ́ lórí ògiri. Rédíò ti dé ẹ̀yìn káfíńtà. Ojú mítà kú fin-ín. Dókítà gbé e símú, ó gbóòórùn rẹ̀ bí ẹni tó ń gbóòórùn ọbẹ̀, ó tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì yọ nǹkan kan jáde tí kò ju ìrẹsì lọ púpọ̀. Dígí ni, wáyà tó tín-ín-rín bí irun sì wà nínú rẹ̀, ó ti já.

"Fíùsì nìyí. Ohun tó jó lọ́jọ́ yẹn nìyí." Ó mú òmíràn nínú àpò, ó fi sí i, ó dé ẹ̀yìn mítà. Ojú mítà là.

Ẹnjiníà sún mọ́ ọn. "Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan. Àwọn tó ṣe mítà mọ̀ pé èèyàn máa ṣì í lò, wọ́n sì ti fi í síbẹ̀ dè wá, kó lè jó kí mítà má bàa jó. Kò tó owó búrẹ́dì kan."

"Gbogbo ẹ̀rín yẹn!" ni aránṣọ wí. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ìlú ńlá ni wọ́n bí mi sí," Dókítà ń sọ̀rọ̀ sí ọmọ náà, kò wo ẹlòmíràn. "Bàbá mi ń tún ẹ̀rọ rédíò ṣe. Irú nǹkan yìí, mo jó o títí ó fi sú bàbá mi, ó ní ṣé oògùn ni mo ń fi ṣe. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èmi àti ìwọ kò ju èyí lọ: èmi jó tèmi níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti rí mi. A gbà ọ́ wọlé, a ò bi ọ́ pé kí lo ti fọwọ́ kàn rí. Ẹ̀bi tiwa nìyẹn. Láti Sátidé yìí, mo máa ṣí lábù fún gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti irú ibi báyìí wá. Kò sí máàkì, kò sí ẹlẹ́rìn-ín. Ẹ ó máa jó fíùsì títí ọwọ́ yín á fi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìdánwò ọ̀la ò ní dúró de Sátidé. Gbà á."

Ó na mítà sí i. Ọmọ náà fi ọwọ́ sẹ́yìn.

Aránṣọ fẹ́ sọ̀rọ̀, ó gé ètè jẹ.

"Bó bá tún jó ńkọ́?" ni ọmọ náà wí.

Dókítà da fíùsì kún àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀. "Mo kó wọn wá."

Ọmọ náà nu ọṣẹ ọwọ́ rẹ̀ sára ìró. Ó gba mítà. Ó yí bọ́tìnì, ó wò ó, ó yí i padà. Ó fi wáyà so bátìrì mọ́ gílóòbù, gílóòbù tàn. Ó wá já ọ̀nà iná náà sí méjì, ó fi mítà sí àárín, kí iná lè gba inú rẹ̀ kọjá. Kò dún pá. Gílóòbù tún tàn, nọ́ńbà sì yọ lójú mítà, ó dúró ṣinṣin.

"Ó ṣe é!" Káfíńtà gbé ayùn sókè. Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ẹnjiníà tú wáyà palẹ̀, ó tún un so. Ó tú u, ó tún un so. Nígbà kẹta, ó ń bá ìyá rẹ̀ sọ ohun tó ń ṣe, ìyá rẹ̀ sì ń dáhùn "hẹ̀n, hẹ̀n," bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ọmọ ló ń wò, kì í ṣe wáyà. Ẹ̀rín ti dé ojú náà.

Kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ sílé mọ́. Wọ́n ní kó wọn bátìrì tọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní kó wọn ti aago ògiri. Rédíò fi ìgbéraga gbé bátìrì tuntun wá láti ṣọ́ọ̀bù, inú ọ̀rá ló ṣì wà. Ẹnjiníà wọ̀n ọ́n, ó wo Rédíò, ó tún un wọ̀n.

"Àǹtí, ó ti kú."

"Kí ló kú? Èyí tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà!"

"Ìdí nìyẹn tí tọ́ọ̀ṣì mi ò fi tàn!" ni káfíńtà pariwo. "Rédíò, òkú lo tà fún mi!"

Ẹ̀rín bú. Rédíò náà kọ́kọ́ fajú ro, nígbà tó yá òun ló rẹ́rìn-ín jù, ó ní òun á lọ bá ẹni tó tà á fún òun lálejò. Láàárín ariwo yìí, ìyá àgbà ti ká ìró sókè lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní kí wọ́n fi mítà kan orúnkún òun.

"Màmá àgbà, kò sí iná níbẹ̀," ni ọmọ ọmọ rẹ̀ wí.

"Èmi náà ti fura."

*

Bàbá Ẹnjiníà ti dé, ó dúró sẹ́yìn èrò. Aránṣọ nìkan ló rí i. Ó rí i tó ń wo ọwọ́ ọmọ rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ń tàn. Lẹ́yìn náà, ó rí i tí ìtànṣán náà kú nígbà tí Dókítà tún sọ̀rọ̀.

"Ohun mìíràn tún wà tí mo bá wá. A fẹ́ máa gbé àpótí irinṣẹ́ wá sí àwọn ilé ẹ̀kọ́ girama, kí àwọn ọmọ ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn tó ti ń kàwé lọ́dọ̀ wa ni yóò máa bá a wá. A ò bèèrè nǹkan kan, ju yàrá tó ní tábìlì. Ṣé ilé ẹ̀kọ́ yín ní yàrá sáyẹ́ǹsì?"

Káfíńtà ń wo eyín ayùn rẹ̀. Rédíò ń ka igi àjà. Ẹnjiníà mọ̀ pé bàbá òun wà níbẹ̀ báyìí. Ó tẹ orí ba. Aránṣọ ń gbàdúrà nínú, kì í ṣe pé kí ọkọ rẹ̀ rí irọ́ tó dára pa, bí kò ṣe pé kó má pa á.

Bàbá Ẹnjiníà gba àárín èrò kọjá. Ó ṣí fìlà.

"Èmi ni alága ẹgbẹ́ òbí," ó ní. "Yàrá wà. Àgbàdo mi ló wà nínú rẹ̀."

Ó ń yí fìlà náà lọ́wọ́.

"Òjò kan ló dé, mo ní kí n fi pamọ́ síbẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Ọjọ́ díẹ̀ ni mò ń wí títí ọmọ mi fi wọlé sí ilé ẹ̀kọ́ yẹn tó sì jáde." Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò. "Ẹ dákun, ẹ jókòó, ẹ mu omi. N ó lọ kó o nísinsìnyí."

"Ìwọ nìkan?" ni ìyá rẹ̀ bi í.

"Ọwọ́ tó kó o síbẹ̀ náà ni."

Ìyá àgbà rọra dìde lórí orúnkún tó ń dùn ún. "Aránṣọ, wá òṣùká fún mi."

"Ẹ̀yin kẹ̀, Màámi!"

"Bí n kò bá lè ru àpò, ṣé n kò lè ru ẹ̀gbin?"

Ohun tó dá gbogbo wọn sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rín gbé wọn dìde, wọ́n sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ ẹrù gbé e wá. Nígbà tí ìlẹ̀kùn yàrá sáyẹ́ǹsì ṣí, eku kọ́kọ́ jáde, àwọn ọmọdé lé wọn. Lẹ́yìn náà ni àpò àgbàdo ń jáde, lórí, léjìká, nínú kẹ̀kẹ́. Bí àpò ṣe ń dín kù, ni nǹkan mìíràn ń yọ lábẹ́ rẹ̀. Àga tí Rédíò máa ń fi háyà yọ. Pákó káfíńtà yọ. Kẹ̀kẹ́ ológeere kan tí ẹni tó ni ín ti ń wá olè tó jí i yọ, ẹni náà sì rántí lójú gbogbo èèyàn pé òun lòun gbé e síbẹ̀.

"Àgbàdo mi ló kàn wà lókè," ni Bàbá Ẹnjiníà wí, ó sì jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tó rẹ́rìn-ín láti àárọ̀.

"Gbé pákó rẹ," ni Rédíò sọ fún káfíńtà.

"Kọ́kọ́ gbé àga rẹ."

Wọ́n fọ yàrá náà. Tábìlì gígùn méjì wà níbẹ̀ tí ènìyàn kò tíì fi ìgbọ̀nwọ́ kàn rí, àti ẹnu ẹ̀rọ omi tí ọ̀rá ilé ìtajà ṣì wà lára rẹ̀. Ẹnjiníà fi àkísà tútù nu tábìlì láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ó dúró díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí pákó náà. Aránṣọ rí i, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó lọ ń pariwo lé àwọn ọmọdé lórí pé kí wọ́n má da omi sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ omi dídà ni gbogbo wọn ń ṣe láti ìgbà yẹn.

Oòrùn ti rọ̀ nígbà tí wọ́n so tìmùtìmù àti garawa mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù. Aránṣọ ti fi abẹ́rẹ́ gán etí ẹsẹ̀ ṣòkòtò Dókítà láìjẹ́ kó bọ́ ọ. Wọ́n jẹ àgbàdo sísè lójú ọ̀nà, gbogbo wọn, àlejò àti onílé. Bàbá àti ọmọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ alùpùpù, ojú ń ti àwọn méjèèjì.

"Mo gbá tábìlì láàárọ̀," ni bàbá wí.

"Ẹ̀wà ò tiẹ̀ dànù, Bàámi."

"Hẹ̀n." Ó tún okùn garawa so, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti le. "Ó dára. Máa lọ."

*

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, fóònù dún lórí ẹ̀rọ ìránṣọ. Aránṣọ sáré tẹ̀ ẹ́.

"Màámi, mo ti ṣe é! Mo yege!"

Igbe tí aránṣọ ké, Rédíò ti sọdá kó tó parí.

"Ẹ tẹ́tí, Màámi. Ọmọkùnrin kan wà nítòsí mi, láti oko lòun náà ti wá. Tiẹ̀ dún pá. Wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Mo bèèrè lọ́wọ́ olùkọ́ bóyá mo lè bá a pààrọ̀ fíùsì. Olùkọ́ yẹn náà ni o! Ó wò mí, ó ní kí n ṣe é. Mo pààrọ̀ rẹ̀, Màámi, ọmọ náà sì tún un ṣe, òun náà yege."

Láti inú yàrá lọ́hùn-ún, bàbá ti gbọ́. Kò sí ibi tí kò sí àgbàdo nínú ilé náà lọ́jọ́ yẹn. Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wà lórí àga, ó dí ọ̀nà títí dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá àgbà ń gbatẹ́gùn lórí àpò mẹ́ta. Aránṣọ ń gbọ́ bí ọkọ rẹ̀ ṣe ń gun àpò, tó ń yọ̀, tó ń já bọ́, tó ń dìde.

"Ẹ má pa á o! Ẹ má tíì pa á!"

Ó yọ jáde, eruku àgbàdo ti bo irùngbọ̀n rẹ̀. Ó gba fóònù, ó fi ẹsẹ̀ kan dúró lórí àpò, kò rí ilẹ̀ tí yóò fi ìkejì tẹ̀.

"Ẹnjiníà mi. Mo gbọ́. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu eruku ojú. "Ọmọ tí tiẹ̀ dún pá yẹn, ṣé ilé wọn jìnnà?"

"Ó jìnnà gan-an, Bàámi. Kì í lè lọ sílé bí ọ̀sẹ̀ bá parí."

"Sọ fún un kó máa bá ọ bọ̀ wá sílé wa," ni Bàbá Ẹnjiníà wí, ó sì di ògiri mú kó má bàa ṣubú. "Àyè wà."